Ẹnu Ọ̀nà Tí Mo Gbà Wọlé

Nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì tí mi ò wọ̀ mọ́, náílọ́ọ̀nù kan wà tí mo ń kó ìwé sí: ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, èsì WAEC mi, ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀, àti ìwé ìgbéyàwó mi. Etí ìwé ìgbéyàwó yẹn ti pọ́n, omi sì ti ta sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ bàbá mi sí. Odindi ọdún mẹ́wàá ló fi wà níbẹ̀ tí mi ò yọ ọ́ wò. Ọjọ́ tí mo máa yọ ọ́, lọ́yà ló ní kí n lọ gbé e wá.

Mo fẹ́ sọ bí èmi àti ọkọ mi ṣe kọ ara wa sílẹ̀. Mi ò ní sọ ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ wà láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, àwọn ọmọ náà sì ti ní fóònù báyìí, wọ́n ń ka nǹkan. Bó ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ, torí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti parí, oṣù kan kì í lọ kí ẹnìkan má pè mí sí kọ̀rọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà wo lẹ lò?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi ṣáájú. Èmi náà ò mọ̀ nígbà tó kàn mí.

Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni mo kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Yorùbá ní orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin bẹ́ẹ̀, ilémoṣú. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi, àmọ́ ẹ mọ bí ojú èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ṣí yàrá tí mo lò nígbà tí mo wà lọ́mọge fún mi, ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹbí méjèèjì jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bẹ ọkọ mi, wọ́n gbàdúrà, a jẹun. Lẹ́yìn ìjókòó kẹta ni àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, dìde, ó gbọn agbádá ẹ̀, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sí kóòtù."

Bàbá Kékeré mọ lọ́yà kan. Nílẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ lọ́yà kan. Ọkùnrin náà gba ₦80,000 lọ́wọ́ mi, kò fún mi ní risíìtì. Orúkọ ọkọ mi àti ohun tí ọkọ mi ṣe nìkan ló bi mí. Bí mo ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń pòṣé, ó ń mi orí: "Irú ọkùnrin wo rèé! Irú ọkùnrin wo rèé!" Inú mi dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi bínú, mo wá rò pé iṣẹ́ tí mo san owó fún nìyẹn.

Kóòtù ìbílẹ̀ kan ló gbé wa lọ, irú èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn Ìbàdàn ti mọ kóòtù Mápó. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í kọ nípa ìyàwó tó ní ọkọ òun ń lu òun, tàbí ọkọ tó ní ìyàwó òun ò se oúnjẹ mọ́. A máa ń kà á nínú ọkọ̀, a máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín débi tó pọ̀. Kì í ṣe Mápó ni tèmi, àmọ́ bẹ́ńṣì kan náà ni, ìtìjú kan náà ni.

Ìjókòó kejì, wọn ò tíì gbọ́ ẹnu mi dáadáa, adájọ́ bi mí pé, "Ṣé ẹ ṣe ìgbéyàwó kóòtù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, a ṣe é ní rẹ́jísírì, ọjọ́ kejì la lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ jígí ojú ẹ̀. Lọ́yà mi ló kọjú sí. "Kí lẹ wá ń ṣe níbí?" Lọ́yà ń wo ilẹ̀, ó ń sọ ohun tí mi ò gbọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Wọ́n pe àwọn tó kàn.

Ohun tí adájọ́ yẹn mọ̀, tí èmi ò mọ̀, ni pé ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà tí èèyàn gbà wọnú ìgbéyàwó ló máa gbà jáde. Ẹni tó ṣe ìdána, tí wọ́n san owó orí ẹ̀, tí ẹbí fà á lé ọkọ lọ́wọ́, tí kò sì lọ síbòmíràn lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká fún un. (Àwọn tó kàn kó jọ tí wọ́n ń gbé, wọ́n máa ń dé kóòtù yẹn kí adájọ́ sọ fún wọn pé kò sí ohun tí òun fẹ́ tú ká, torí kò sẹ́ni tó san owó orí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun àwọn obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta.) Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, ìlànà Ìsìláàmù ni tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, òfin ìjọba ló so ó, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló sì lè tú u. Òfin tó ń darí ẹ̀ ni Matrimonial Causes Act, ti ọdún 1970. Bí kóòtù ìbílẹ̀ bá tiẹ̀ ṣèèṣì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ níwèé, òfo ni. Bó bá wá gbé ìwé òfo yẹn lọ fẹ́ ẹlòmíì ní rẹ́jísírì, ó ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ abala 370 nínú Criminal Code, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Àwa ọmọ ìsinsìnyí sì rèé, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta la ń gbà wọ yàrá kan ṣoṣo. Ìdána lọ́jọ́bọ̀, rẹ́jísírì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Nígbà tèmi, ọdún 2008, ọjọ́ rẹ́jísírì la kà sí kékeré jù. Èèyàn méje ló tẹ̀ lé wa. Kò sí alága ìdúró, kò sí alága ìjókòó, kò sẹ́ni tó náwó fún wa. A fọwọ́ síwèé, a ya fọ́tò kan níwájú ògiri tí wọ́n kun ní búlúù, a lọ jẹ ráìsì. Ìwé pélébé yẹn ló wá di ọ̀gá gbogbo aṣọ ẹbí.

Mo padà wo àwọn ìwé tí lọ́yà àkọ́kọ́ kọ fún mi. Agbẹjọ́rò tó bá kọ ìwé sí kóòtù gbọ́dọ̀ lẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, NBA, mọ́ ọn, èyí tí orúkọ àti nọ́ńbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ wà lára ẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá lọ́yà ni, bóyá kì í ṣe lọ́yà, mi ò mọ̀ títí dòní. Bàbá Kékeré náà ò fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Lọ́yà kejì ní ọ́fíìsì tó tutù nini, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Ilé yẹn, màdáámù, ẹ ti gbà á." Kò tíì rí ìwé ilé, kò bi mí ta ló ra ilẹ̀. Mo bi í bóyá á fún mi ní risíìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn tán òun. Mo dìde. Iná tó jó mi ò tíì kú.

Obìnrin kan tí a jọ ń kọ́ni níléèwé ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Lọ́yà. Ìyá Lọ́yà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà, wọ́n ń ta páànù àti ìṣó nísàlẹ̀, bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ariwo irin á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo jókòó, mo mí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Màá gbọ́ ìyẹn. Níbo lẹ ti ṣègbéyàwó?"

Mo sọ fún un.

"Ọdún wo? Ọjọ́ wo lẹ kúrò nílé? Ṣé ẹ ti padà síbẹ̀ látìgbà náà, bó ṣe ọjọ́ kan? Àwọn ọmọ ọdún mélòó? Ìwé ìgbéyàwó yín ńkọ́?"

Kò pòṣé lẹ́ẹ̀kan. Inú bí mi díẹ̀. Mo ń wò ó pé, ṣé èyí gbọ́ ohun tójú mi rí ṣá? Ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan tó fi ọ̀já dè, ó wá gbé bíírò sílẹ̀.

Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òfin ń bèèrè: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ èèyàn ò kàn lè fẹnu sọ ọ́ lásán. Ọ̀nà mẹ́jọ lòfin là sílẹ̀ tí a lè fi hàn án, a sì gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ọ̀kan. Àgbèrè wà níbẹ̀. Ìwà tí ẹnikẹ́ni ò lè bá gbé wà níbẹ̀. Kí ẹnìkejì ti pa èèyàn tì fún ọdún 1. Kí ẹ ti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnìkejì ò sì lòdì sí ìkọ̀sílẹ̀ náà. Bó bá wá pé ọdún 3 tí ẹ ti wà lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ó gbà tàbí kò gbà. (Ẹni tí ìgbéyàwó ẹ̀ ò tíì pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù, àyàfi àwọn ọ̀ràn kan tí òfin yọ sọ́tọ̀. Tèmi ti kọjá ìyẹn.)

Oṣù kejì ọdún 2018 la wà nígbà yẹn.

"Ẹ lè gba ọ̀nà àgbèrè," ó ní. "Ẹ máa dárúkọ obìnrin yẹn. Wọ́n máa gbé ìwé fún òun náà, á di olùjẹ́jọ́, á gba lọ́yà tiẹ̀. Lọ́yà ẹ̀ á dìde, á bi yín ohun tí ẹ fojú yín rí, ọjọ́ tí ẹ rí i, ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tàbí kí ẹ lọ sílé, kí ẹ máa kọ́ ọmọ yín níwèé, kí ẹ padà wá nígbà tí oṣù kẹwàá bá parí. Ọdún mẹ́ta ti pé nìyẹn. Ọkọ yín ò ní rí ohun tó máa bá yín jà lé lórí." Ó tún gbé bíírò ẹ̀. "Ti àkọ́kọ́ ni màá ti rówó gbà lọ́wọ́ yín jù."

Mo sunkún délé. Kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ le. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí màá dúró níwájú gbogbo èèyàn tí màá sọ ọ́, tí ẹnìkan tó wọ aṣọ dúdú á wí lóhùn rara pé èmi ni mo jàre. Ọdún méjì àtààbọ̀ ni mo fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí, lórí ìbùsùn, nínú ọkọ̀, níwájú kíláàsì tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Obìnrin yìí wá ń sọ fún mi pé mi ò nílò ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbà mí kí n tó padà lọ san owó.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Peckham, a jọ lọ sí girama. Nígbà tí tiẹ̀ dé, lẹ́yìn ọdún 2022, ó sọ fún mi lórí fóònù pé ní England báyìí, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó jẹ̀bi mọ́. Èèyàn á kàn sọ pé ìgbéyàwó náà ti túká, á dúró fún ọ̀sẹ̀ 20, á bèèrè fún àṣẹ àkọ́kọ́, á tún dúró fún ọ̀sẹ̀ 6, ó parí. Ó ní ó dun òun pé òun ò rí ibì kankan kọ ọ̀rọ̀ òun sí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Owó ńkọ́? Ìyá Lọ́yà kọ lẹ́tà fún mi, ojú ìwé kan àti ààbọ̀: iye tí màá san kó tó kọ ìwé, iye tí màá san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹsẹ̀ tẹ kóòtù, ẹni tó máa san owó bélíìfù tó máa gbé ìwé lọ fún ọkọ mi. Ìpín-ìpín ni mo san, risíìtì mẹ́rin ni mo ní. Ọjọ́ tí a bá dé kóòtù tí adájọ́ ò jókòó, ìdajì ló máa ń gbà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí nìyí: ẹ béèrè owó ọjọ́ kóòtù, ẹ má béèrè owó gbogbo ẹjọ́ nìkan, torí sísún ẹjọ́ síwájú ló ń jẹ owó. Tèmi sún lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tí kò bá sì lówó rárá, kó lọ bá Legal Aid Council tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Àwọn tó wà l'Ékòó tún ní Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí oṣù kẹwàá parí, mo padà lọ. Ní báyìí, ó ti yọ "ẹ" kúrò, ó ti ń pè mí ní "ìwọ yìí". Ó fún mi ní bébà funfun kan.

"Kọ bí àwọn ọmọ ṣe ń gbé síbẹ̀."

"Báwo, mà?"

"Ta ló ń jí wọn? Kí ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó lọ síléèwé? Ta ló ń san owó iléèwé? Bí èyí kékeré bá ṣàìsàn lóru, ta ló ń gbé e lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ wo lẹ ń wọ̀?"

Ó ní àǹfààní àwọn ọmọ ni òfin fi ṣáájú bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹni tó máa tọ́jú wọn, àti pé adájọ́ ò ní jẹ́ kí ìkọ̀sílẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ètò àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọ̀gì àti àkàrà. Ìyá mi ló ń jí wọn, èmi ti jáde. Bàbá wọn ló ń san ti ọmọ àgbà, bó bá rántí. Mo pa "bó bá rántí" rẹ́. Ìyá Lọ́yà rí i. "Ìwọ yìí, kọ ọ́ padà. Kọ tẹ́ẹ̀mù tó san àti èyí tí kò san." A tẹ ọ̀rọ̀ tí èmi àti bàbá wọn jọ sọ lórí WhatsApp jáde, èyí tó ti ń ṣèlérí owó iléèwé. Nítorí Evidence Act ọdún 2011, òfin tó ń darí ẹ̀rí ní kóòtù, abala 84, Ìyá Lọ́yà tún kọ ìwé ẹ̀rí kan mọ́ ọn tó sọ fóònù àti ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Láìsí ìyẹn, wọ́n lè dà á nù.

Ti ilé ni mo jẹ́ kó lọ. Mo ní risíìtì páànù àti sìmẹ́ǹtì nínú báàgì Ghana-must-go kan, mo dà á sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀, a kà á fún wákàtí méjì. Òfin wa ò sọ pé kí wọ́n bẹ́ ilé sí méjì fún tọkọtaya. Adájọ́ á wo ohun tó bá tọ́ láàárín wọn, ẹni tó bá sì ní òun lọ́wọ́ sí i gbọ́dọ̀ fi hàn. Mo lè fi díẹ̀ hàn. Lọ́yà ọkọ mi àti tèmi wá kọ àdéhùn: màá fi ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀, òun á máa san owó iléèwé àwọn méjèèjì títí wọ́n á fi jáde girama, èmi á máa mú àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà ọlidé. Adájọ́ gba àdéhùn náà, ó sọ ọ́ di àṣẹ kóòtù. Àwọn kan nínú ẹbí mi ṣì ń bínú sí mi lórí ilé yẹn. Àwọn kọ́ ló ń san owó iléèwé.

Ọjọ́ tí mo jẹ́rìí, ní ilé ẹjọ́ gíga ní Ring Road, Ìyá Lọ́yà sọ fún mi kí a tó wọlé pé, "Má wo mi. Má wo ọkọ rẹ. Bíírò adájọ́ ni kí o máa wò. Bó bá dúró, kí o tún sọ̀rọ̀." Ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ gbólóhùn kan, mo dúró, bíírò ń rìn, mo sọ òmíràn. Fáánù ń ké lókè. Èèyàn ò lè bínú bẹ́ẹ̀. Èèyàn ò lè sọ ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí fún ọdún mẹ́ta bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló máa dúró de bíírò. Ọkọ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí èmi rà fún un. Adájọ́ gbé ojú sókè, ó bi wá bóyá kò sí àtúnṣe mọ́, torí òfin ní kó wo ìyẹn pẹ̀lú. Èmi ní kò sí. Òun náà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ní kò sí, sà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀.

Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n dá ẹjọ́ náà. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní decree nisi, kò tíì parí nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di absolute, lójú òfin ẹ ṣì jẹ́ tọkọtaya nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Ìyá Lọ́yà nawọ́ ìka sí mi: "Bí ẹnikẹ́ni bá ń yọjú, sọ fún un kó dúró." Kò sẹ́ni tó ń yọjú.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi fi ń bẹ̀ mí, Bàbá Kékeré fi ń dẹ́rù ba ọkọ mi. Mo ti rò ó. Mo rò pé àwọn tó pa òwe yẹn ti rí ohun tí èèyàn lè sọ síra wọn lójú adájọ́ tí wọn ò ní lè kó padà. Àwa ò sọ ọ́. Bí a ṣe jáde lọ́jọ́ náà, òjò bẹ̀rẹ̀, irú òjò ọlọ́wàrà ìparí ọdún tó ń bọ́ lójijì. Mo dúró lábẹ́ òrùlé, mo gbé fáìlì lé orí. Ó wa mọ́tò ẹ̀ wá síwájú mi, ó ṣí fèrèsé, kò sọ nǹkan kan. Mo wọlé. A ò sọ̀rọ̀ débì kankan. Ó já mi sí Challenge, ó ní kí n kí àwọn ọmọ. A ò ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ó gbé mi dé Challenge.

Oṣù kejì ọdún 2020, mo wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ SS 2 ń kọ àròkọ, fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Akọ̀wé Ìyá Lọ́yà ni. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ káàsán mà. Ìwé yín ti jáde. Ẹ lè wá gbà á nígbàkúùgbà tó bá rọrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó fọ́tòkọ́pì dání."